Ìwé Ìbí àti Ọjọ́ Òjò

Ọlọ́run ló jẹ́ kí n wọ takisí kan náà, láti Basila lọ sí Manigri, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń kọ́ ìṣàkóso ìlú ní yunifásítì àti bàbá àgbẹ̀ tó jókòó tì í.

"Bàbá, àwọn olùkọ́ mi ti dá ìwé àṣekágbá mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní n kò sọ ìdí tí àgbẹ̀ kì í fi í wá gba ìwé ìbí ọmọ."

"Èyí náà le, ọmọ mi? Bí oòrùn bá ràn, a wà lóko kajú. Bí òjò bá rọ̀ tí àyè yọ, àwọn akọ̀wé kì í wá sí bùrò, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ ìwé ìbí."

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà fa kálámù yọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Màá dárúkọ yín níbẹ̀."

"Má wulẹ̀ dárúkọ mi. Sáà kọ ọ́ pé kí wọ́n ra agbòjò fún àwọn akọ̀wé."

Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín.