Àìsàn Ni Mo Pè Ní Àṣeyọrí

Ẹ dáwọ́ àtẹ́wọ́ yẹn dúró ná. Àwòrán obìnrin tí ẹ ń wò lára ògiri yìí, irọ́ ni, èmi ni mo sì pa irọ́ náà. Bí mi ò bá tú u síta lónìí níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wá ṣe eré ìdárayá lọ́dọ̀ mi, àyà mi yóò bẹ́.

Onídìrí ni. Òrọ́bọ́ la máa ń pè é, òun náà á sì bá wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, ó ní, "Kóòṣì, ẹ bá mi yọ ikùn yìí kúrò, àga ṣọ́ọ̀bù mi ti ń kígbe." Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ṣòkòtò ń bọ́ nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin ń hó yèè, èmi ń wú bí búrẹ́dì. Àmọ́ mo mọ̀. Mi ò fọ́jú. Obìnrin yẹn kì í lè sáré yí gbọ̀ngàn yìí po kó má sá gba ilé ìgbẹ́ lọ. Eré wo ló ṣe tó fi rù tó bẹ́ẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Kóòṣì, inú ń lọ́ mi. Oúnjẹ kì í dúró. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ mi jáde. Mo fẹ́ lọ rí dókítà." Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi yìí sọ, ẹnu tí mo fi ń jẹun: "Ọ̀rá ló ń yọ́ yẹn. Oògùn tí yóò dá ọ padà sí Òrọ́bọ́ ni dókítà máa fún ọ. Jẹ́ ká ya fọ́tò ná." Ó gbà mí gbọ́. Ọwọ́ ló fi di ikùn mú nígbà tí a fẹ́ yà á. Èmi ni mo ní kó gbé ọwọ́ náà kúrò.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ọkọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi ò lè dìde. Ṣé bí eré yín ṣe máa ń ṣe èèyàn nìyí, àbí kí n gbé e lọ sọ́sibítù?" Àwòrán náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ògiri ni, àwọn èèyàn tuntun ń rọ́ wá. Mo ní, "Àárẹ̀ lásán ni, àbúrò. Fún un lómi, jẹ́ kó sùn." Olórí burúkú ni mí! Ìfun rẹ̀ ti lu kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n gé púpọ̀ sọnù. Dókítà ní egbò ti ń jẹ ìfun náà tipẹ́, òun ni kò jẹ́ kí oúnjẹ ṣe ara rẹ̀ lóore. Ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, oògùn ì bá kápá rẹ̀.

Ó yè. Inú àpò tí wọ́n so mọ́ ikùn rẹ̀ ló ń yàgbẹ́ sí báyìí. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ lánàá, mo jẹ́wọ́. Kò sunkún. Ó ní, "Nígbà tí mo sanra, ara mi le, ẹ ní kò dáa. Nígbà tí mò ń kú lọ, ẹ ní mo rẹwà." Ọkọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n jáde kí òun tó gbàgbé pé mo dàgbà ju òun lọ.

Obìnrin náà ni mò ń bẹ̀, kò sì di dandan kó dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wọ̀nyí, ẹ bínú sí mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ń rù tí ẹ ò mọ ìdí rẹ̀, ẹ má yọ̀, ẹ má sì bi irú mi léèrè ọ̀rọ̀.

Ta ni inú ń run láàárín yín, tó ń fi pa mọ́ fún mi? Dìde. Ọkọ̀ mi wà níta.