Àgbá Omi Tí Mo Gbé Fún Àwọn Àna Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. N kì bá tí sọ ọ́ láé, ṣùgbọ́n Ràfátù, ìyàwó mi, ti lọ dúró bímọ nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Muṣin, oṣù rẹ̀ sì ti pé.

Iṣẹ́ pákó ni mò ń ṣe nítòsí Ìdó. A máa ń rẹ pákó sínú oògùn kí ikán má baà jẹ ẹ́. Inú àgbá onírin ni oògùn náà máa ń wà, àwòrán agbárí òkú sì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá wa kìlọ̀ pé bí àgbá bá ti ṣófo, ká dá ìdí rẹ̀ lu, ká rì í mọ́lẹ̀, torí kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tó máa mọ́. Mo gbọ́. Etí mi ò di.

Nígbà náà, mò ń fẹ́ Ràfátù lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí bàbá rẹ̀ gba tèmi. Mo bá mú àgbá kan. Mo fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ̀ ọ́, mo ha àwòrán náà kúrò, mo fi ọ̀dà kùn ún. Mo gbé e lọ fún wọn ní Muṣin, mo ní àgbá epo ni. Wọ́n gbé e sábẹ́ òrùlé kó máa gba omi òjò. Gbogbo ilé ń yìn mí, èmi òmùgọ̀ sì ń yan kiri bí ẹni tó kọ́ ilé. Omi rẹ̀ ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ.

Kò pẹ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọdé ń bó. Sàlámì, àbúrò Ràfátù, kò lè dìde nílẹ̀ mọ́.

Ìyá Gàníyù, ìyáalé ìyá Ràfátù, ló ń se oúnjẹ. Wọ́n ní òun ló ń fi nǹkan sí i. Ó fi Kùránì búra, ó sunkún, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní kó máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí: èmi ni mo ru ẹrù rẹ̀ dé ibi tó ti wọkọ̀ ní Ìdó.

Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á san án fún ẹ. Ìwọ nìkan lo ṣì ń wò mí bí èèyàn."

Mo ní, "Àmín, Ìyá."

Ìyá Gàníyù lọ, àìsàn ò lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí rẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo fi ìṣó àti òòlù sápò, mo lọ sílé wọn ní Muṣin. Mo fẹ́ dá àgbá náà lu, kí n ní ó dógùn-ún ni. Mo bá bàbá ìyàwó mi nídìí rẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Ràfátù bu omi nínú àgbá náà, ó kúnlẹ̀ tòun toyún, ó gbé e fún mi. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí. Mo gba ife náà, mo mu ún tán.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀ lé e. Bí mo bá dákẹ́, omi yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi wẹ ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ìyá Ràfátù ránṣẹ́ sí mi lánàá: ó ní omi àgbá kan ò ní tó bí ọmọ bá dé, kí n bá àwọn wá irú rẹ̀ kan sí i.