Nítorí Ìpápánu Oníwin, Mo Tú Àṣírí Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn o. Inú ṣì ń bí mi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí èmi àti Ìyá Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi ti kí ara wa gbẹ̀yìn, bí mo bá sì rántí rẹ̀, orí mi á kọ́kọ́ gbóná kí ojú tó wá tì mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló tú ilé rẹ̀ ká. Ṣé kí n ní mi ò mọ ohun tí mò ń sọ ni? Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n.

Ilé kan náà la jọ ń gbé l'Ókè-Ògbó níbí n'Ífẹ̀, yàrá wọn kọjú sí tiwa. Nígbà tí Tóní ọmọ mi fẹ́ pé ọdún méje, ó ní ìpápánu adẹ́rùbani tí òun rí nínú fóònù ni òun fẹ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí. Mi ò ní ohun tí wọ́n fi ń yan kéèkì, àmọ́ àwọn yìí kò tilẹ̀ fẹ́ yíyan. Mo gún bísíkíìtì, mo fi mílíìkì inú agolo pò ó, mo ṣù ú róbótó-róbótó, mo yí i mọ́ àgbọn rírin, mo wá kán ṣokoléètì yíyọ́ sí i lórí: ó di ẹyinjú. Mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì, mo ya ojú àti ẹnu sí i, ó di iwin. Fíríìjì ló ṣe ìyókù. Ìyá Bọ́lá fúnra rẹ̀ ló bá mi rin àgbọn! Ó ń rẹ́rìn-ín pé, "Màmá Tóní, iwin rẹ yìí mà rẹwà ju ọkọ mi lọ o."

Àwọn ọmọ jẹ, wọ́n yọ̀, wọ́n ń fi iwin lé ara wọn kiri. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Bọ́lá, ó sì bì. Mo rí i nígbà tó ń jẹ ẹyinjú náà léraléra, mi ò dá a dúró. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé e lọ bá sọ pé àjẹjù ohun dídùn ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ Ìyá Bọ́lá, tí wọ́n jọ ń gbé, fárígá. Ó ní ta ló ń fi ojú àti iwin ṣe oúnjẹ ọmọdé bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ kó wọn wọ ẹgbẹ́ àjẹ́?

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá mẹ́rin kó ọmọ wọn wá sí ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo fún wọn jẹ. Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi, kó sọ pé a jọ ṣe é ni. Ó ní, "Èmi ò mọ ohun tó pò mọ́ ọn o. Àjẹ́ kì í kọ ọ́ síwájú orí." Àjẹ́! Èmi! Níwájú Tóní!

Ó ta mí bí agbọ́n. Mo nawọ́ sí i, mo ní, "Ìwọ tó bímọ sí Ìpetumodù kí o tó relé ọkọ, tí ò ń pe ọmọ bíbí inú rẹ ní àbúrò, ìwọ lò ń pe ẹlòmíì ní àjẹ́?" Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé garawa omi ìwẹ̀ dání. Ó rọra gbé e kalẹ̀. Èmi nìkan ni ọ̀rẹ́ mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún láyé, lọ́jọ́ tí mò ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí Ìyá Bọ́lá fi kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ n'Ìpetumodù. Bọ́lá kù sọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀. Bí Tóní bá pè é wá ṣeré, á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó pè mí ní àjẹ́ ti wá ń kí mi, wọ́n ní mo ṣe é re. Mo kórìíra ìkíni wọn!

Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé gáréèjì, tí mo padà. Ta ló kọ́kọ́ dalẹ̀ ẹnìkejì? Ṣùgbọ́n irọ́ ni tirẹ̀, òótọ́ ni tèmi, òótọ́ náà ló sì ba ayé jẹ́ jù. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé a máa ń fi ìbínú lọ bẹ̀bẹ̀? Bí mo bá sì lọ, tó jẹ́ ọmọ tó ń pè ní àbúrò ló jáde wá bi mí pé ta ni mí, kí ni kí n wí?