Ẹṣin Irinwó, Omi Agolo Kan

Rárá o, Màmá, n ò wọ̀ ọ́! N ò ní wọ mọ́tò yẹn lọ síbi ìgbéyàwó mi, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn débẹ̀, kí n ká aṣọ funfun mọ́ abíyá, kí n so bàtà kọ́ ọrùn! Ẹ ti sọ fún un pé mo gbà? Ta ló gbà? Ẹnu ta ni ẹ ti gbọ́ ọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ ná, ooru rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù, kí ẹ gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin yín fi ojú mi rí lánàá.

Ẹ̀n-ẹ́n? Kí n máa pe ẹ̀gbọ́n mi ní "wọ́n"? Màá pè wọ́n ní wọ́n tí ara mi bá tutù. Títí di ìsinsìnyí ó ṣì ń gbóná.

N ò ní mọ́tò náà ò lẹ́wà o. Wọ́n kó o wá fún un nínú àpótí ní wẹ́wẹ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó títí ó fi dúró, ó sọ ọ́ ní Ọ̀kín, Ọ̀kín náà sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sí níwájú bíi ti mọ́tò ọmọ èèyàn, ẹ̀yìn àga ló wà, tí o bá ti fẹ̀yìn tì báyìí, iná lo fẹ̀yìn tì. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, agbára ẹṣin irinwó! Rédíétọ̀ tí yóò máa tu omi rẹ̀ lára ńkọ́? Ó wà níwájú lọ́hùn-ún, nínú imú mọ́tò, tíntín báyìí, èyí tó tú lára mọ́tò kékeré kan tí ìyá arúgbó fi ń lọ sọ́jà. Ẹṣin irinwó, Màmá! Òùngbẹ ń gbẹ gbogbo wọn, ọmọ yín wá bu omi agolo kan, ó ní kí wọ́n pín in mu.

Ṣé n ò sọ fún un ni? Rédíétọ̀ jíjó niṣẹ́ mi, n ò níṣẹ́ méjì. Mo ní bọ̀dá mi, èyí kéré, imú mọ́tò yìí ò sì níhò, atẹ́gùn ò rọ́nà wọlé, èyí tó bá ráyè wọlé ò rọ́nà jáde. Mo ti jó ńlá kan pọ̀ fún un, ẹ̀yin náà rí i ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yín, fáànù méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ká gé imú mọ́tò díẹ̀ ká fi gbé e sí i. Háà! Àfi bí ẹni pé imú tirẹ̀ ni mo ní ká gé. Ó ní ṣé mo fẹ́ sọ Ọ̀kín òun di ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, imú gígé kọ́ ni oògùn ooru. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ bi mí pé kí ló ṣe. Ẹ bi mí! Hítà, Màmá! Hítà tí èèyàn ń tàn nígbà òtútù kó lè máa fẹ́ ooru sí i lẹ́sẹ̀! Lóòótọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù pé bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ gbaná lójú ọ̀nà, o lè tan hítà kó fa díẹ̀ kúrò nínú ooru rẹ̀. Ọgbọ́n à-fi-délé nìyẹn. Ọmọ yín sọ ọ́ di àṣelọ! Ó yọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á dànù, ó ní rédíétọ̀ kejì nìyẹn. Fèrèsé ńkọ́? Wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa ni, kì í ṣí. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ni gbogbo ooru yẹn ń lọ. Ṣé ẹ rí i pé èmi gan-an ni rédíétọ̀?

Àná tí mo fẹ́ lọ kí àwọn òbí ọkọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́ ló wá ní òun á gbé mi. Mo kun àtíkè, mo lé tìróò, aṣọ mi ń dán. Nígbà tí a ń sáré, mo ṣì lè mí. A wọ àárín ìlú, gbogbo iná pupa tó wà lójú títì ló dá wa dúró, géèjì ooru ń gòkè, hítà ń fẹ́ mi bí ẹni ń fẹ́ná. Mo ní bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Ó ní bí òun bá pa á, ẹ́ńjìnnì á kú. Mo ní èmi ńkọ́? Màmá, ó wo géèjì, ó wò mí! Ó ń rò ó!

Ìgbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀, tìróò ti dé àgbọ̀n, àtíkè ti di ẹrẹ̀. Òòrùn ń ràn ganrínganrín, màmá ọkọ mi jáde, wọ́n wojú ọ̀run, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, níbo ni òjò ti pa ọ́?"

Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ẹ rín in dáadáa! Wọ́n sáré wọlé, wọ́n gbé omi tútù jáde fún mi, jọ́ọ̀gì ńlá. Kí n tó nawọ́, ọmọ yín ti gbà á. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà." Ó yí padà, ó lọ ń dà á lé rédíétọ̀ lórí! "Pẹ̀lẹ́, Ọ̀kín mi, pẹ̀lẹ́." Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà, kò kí mi ní pẹ̀lẹ́ ẹyọ kan!

Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi pè mí, ó ń sọ̀rọ̀ tìkọ̀tìkọ̀. Màmá rẹ̀ ní kó rọra béèrè bóyá òógùn yẹn jẹ́ àìsàn ìdílé wa, nítorí àwọn ọmọ tí a máa bí. Wọ́n ní ká sún ìgbéyàwó síwájú, kí n lọ rí dókítà ná.

Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo sọ fún ọmọ yín, ó ní òun á lọ bá wọn tún un ṣe. Ó ti jáde látàárọ̀. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, àbí? Mo mọ̀. Wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Òun náà da omi síwájú, ẹ̀yìn ló dáná sí!

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́? Òun nìyẹn. Ẹ wá síbi fèrèsé, ẹ wá wo èéfín... Ta ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn? Yéè! Màmá, màmá ọkọ mi ni! Ó gbé wọn sínú ẹ̀! Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀, bàtà ni wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn, àtíkè tiwọn náà ti dọ́rùn! Haà, háà, háà! Ẹ bi wọ́n wò bóyá àìsàn ìdílé tiwọn náà ni!

Bọ̀dá mi! Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ yẹn o, ó máa bó yín lójú! Màmá, ẹ sáré bu omi wá, ọwọ́ màmá ọkọ mi gan-an ni kí ẹ gbé e lé, ọmọ yín ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi mú ayùn irin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn dání. Imú gígé gan-an ni oògùn rẹ̀!