Ìdáríjì Tó Wá Láti Ìwòpin

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún mi ní Sweden, èmi ọmọ Òjòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn kì í yẹgi fún ènìyàn níhìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀dì, mo ní fèrèsé, wárdà pàápàá máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi bí ìyá mi ṣe ń pè é. Ó ń dùn mí gan-an.

Irọ́ kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. N kò ní ìwé iṣẹ́. Wàsíù ọmọ Ìwòpin, tí a jọ ń gbé, yá mi ní káàdì ìgbélùú tirẹ̀, èyí tí kò lè rìnrìn àjò láìsí i, kí n fi wáṣẹ́ abọ́ fífọ̀. Oṣù kan ni mo tọrọ, mo lò ó fún ọdún méjì. Wàsíù ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, èmi náà sì ń dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi ní ilé ìdáná.

"Bùrọ̀dá, ara ìyá mi ò yá. Ẹ fún mi ní káàdì mi, mo fẹ́ lọ sílé."

"Kí ni kí èmi wá máa jẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ wo ìyá mi."

Ó na ọwọ́ sí àpò mi. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé àlùbọ́sà wà lọ́wọ́ mi. Mo gún un. Háà, ẹ̀ẹ̀mẹta! Ibẹ̀ ló kú sí.

Ìgbátí ni mo ń retí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Tíì ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n tún wá agbẹjọ́rò àti ògbufọ̀. Ẹ wá wo òmùgọ̀ yìí: mo rò pé àwọn tó rọ̀ báyìí á ṣe é bẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n pe ilé, mo ní kí bàbá mi kó àwọn àgbà lọ sí Ìwòpin. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Wàsíù. Obìnrin náà sunkún títí, ó ní òun forí jì mí nítorí Ọlọ́run.

Mo ṣebí ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Adájọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú mẹ́ta tí wọ́n jọ ń dá ẹjọ́. Agbẹjọ́rò mi ka ọ̀rọ̀ ìyá náà sí wọn létí. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, "Tirẹ̀ ló fi jì ọ́. Ti ìlú ṣì wà nílẹ̀."

Ìyá Wàsíù ṣì wà láyé. Bí mo bá pè é, ìbéèrè kan náà ni: "Ọmọ mi, kí ni Wàsíù sọ gbẹ̀yìn?" Mo máa ń ní kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè tí ẹ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti wá sí òkè òkun, ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn jẹun. Bí ẹ bá ti ṣe é, tí olóhun ní òun fẹ́ ẹ, ẹ dá a padà kíá. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Ìwòpin nínú yín, kó bá mi yà lọ́dọ̀ ìyá náà. Kó sọ fún un pé irọ́ ni mo ń pa. Ìyá rẹ̀ ni Wàsíù sọ gbẹ̀yìn pé òun fẹ́ lọ wò.