Irin Tí Mo Jó Sórí Òpó Ọkọ̀ Àna Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dé ìdí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Mi ò sọ pé èébú ò tọ́ sí mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi iná sórí òrùlé sùn. Mò ń jẹun, mò ń kírun, mò ń bá àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀, títí kan ìyàwó mi. Ǹ bá gbé e lọ báyìí dé ọjọ́ ikú mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tó sì bẹ̀ mí pé kí n ṣe fún òun ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Wẹ́dà ni mí, ní Ibafo. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí etí omi tí àwọn tó ń wa yanrìn ń gúnlẹ̀ sí. Géètì àti irin ojú fèrèsé ni iṣẹ́ mi gan-an, fún àwọn tó ń kọ́lé ní Arepo àti Mowe, ṣùgbọ́n bí irin ọkọ̀ kan bá bàjẹ́ létí omi, èmi náà ni wọ́n ń pè. Ẹ má rò pé ọkọ̀ ńlá ni mò ń sọ. Ọkọ̀ pákó kékeré ni, òpó kan wà láàárín rẹ̀, wọ́n á wá ta ìgbòkun tí wọ́n fi tapólì rán sórí rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa tì í.

Rísíkátù ni àbúrò mi. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Múfútáù, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun yìí, ló fẹ́ ẹ, ilé wọn sì wà ní Mowe. Ọlọ́yàyà ni Múfútáù níta. Bó bá rí mi, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìbáà jẹ́ nínú ẹrẹ̀. Tó bá délé, àbúrò mi ló ń lù. Kì í ṣe ìgbátí lásán ni mò ń sọ. Bẹ́líìtì ni, ọmọ odó ni. Ọjọ́ kan wà tó di irun rẹ̀ mú, tó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, àwọn alájọgbélé ló já ilẹ̀kùn wọlé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bá a. Ó bẹ̀ mí, ó fi Kùránì búra. Bàbá wa ní kí Rísíkátù máa lọ sílé ọkọ rẹ̀, pé ọmọ mẹ́ta kì í ṣe eré. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo bá àbúrò mi lórí ẹní, ètè rẹ̀ ti wú, eyín iwájú méjì ti lọ. Kò sunkún. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bá a jà o," ó ní. "Tí ẹ bá bá a jà, èmi náà ló ṣì máa padà wá lù."

Mo gbọ́ sí i lẹ́nu. Mi ò bá a jà. Ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ kí n bá a jà. Ká ní mo ti nà án ní gbangba ni, bóyá inú mi ì bá rọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, Múfútáù gbé iṣẹ́ wá fún mi. Ó fẹ́ tún òpó ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ihò ni wọ́n lu sórí òpó náà látijọ́, inú ihò yẹn sì ni okùn tó ń fa ìgbòkun sókè ń gbà. Igi á máa ha okùn, okùn á sì máa já ṣáá. Ó ti rí ọkọ̀ ẹlòmíì tí wọ́n fi púlì sí lórí òpó, tí okùn ń sáré wẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ló bá ní òun náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ okùn tuntun, ó fẹ́ púlì, ó sì fẹ́ òrùka irin tó máa di orí òpó mú. Òrùka náà máa ní etí mẹ́ta. Púlì máa so mọ́ ọ̀kan, wáyà méjì tó mú òpó dúró lọ́tùn-ún àti lósì máa so mọ́ méjì tó kù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi jó o kó le dáadáa o," ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀mí wa ló wà níbẹ̀ yẹn."

Sẹ́tónjí ló ṣe ti okùn. Ará Ègùn ni, kò sì sí ẹni tó mọ okùn ún so tó o ní gbogbo etí omi wa. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Tèmi ni kò mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ wẹ́dà mọ ohun tí à ń pè ní tákì. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, iná díẹ̀ la fi ń tọ́ irin méjì lójú kan kí wọ́n lè dúró ná, ká tó wá jó o yíká. Mo jó etí méjì yíká. Ẹ̀kẹta, èyí tí wáyà ọwọ́ ọ̀tún máa so mọ́, tákì nìkan ni mo fún un. Mo fi pọ́tì, nǹkan rírọ̀ tó máa ń gbẹ bí òkúta, dí ojú rẹ̀, mo fi fáìlì tí a fi ń ha irin ha á títí ó fi dán, mo kùn ún lọ́dà dúdú. Mo tilẹ̀ ń súfèé.

Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń tan ara mi pé mo kàn fẹ́ kí ìgbòkun rẹ̀ já lulẹ̀ kí ojú tì í láwùjọ ni. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí òpó náà wó lé e. Mo fẹ́ kí òun náà mọ bí ìyà ṣe ń dun ni.

Àṣà kan wà létí omi wa. Bí wọ́n bá tún òpó ọkọ̀ ṣe, àwọn tó ṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá ọlọ́kọ̀ lọ nígbà àkọ́kọ́ tó bá máa ta ìgbòkun. Bí iṣẹ́ rẹ bá dá ọ lójú, wọ inú rẹ̀, gbogbo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ní nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo di ikùn mú, mo ní inú ń run mí. Kò sẹ́ni tó fura. Sẹ́tónjí gan-an ló ní kí n lọ wá oògùn lò, pé òun nìkan ti tó. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ náà. Ó níyàwó, ó bímọ, kò ṣẹ̀ mí rí. Mo mọ ohun tó wà lórí wọn lókè yẹn, mo sì dákẹ́.

Ìgbòkun gòkè wẹ́rẹ́, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n dé àárín omi, atẹ́gùn yí padà, mo sì gbọ́ ọ látibi tí mo dúró sí. Ó dún gbàù! Òpó náà yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, Sẹ́tónjí bẹ́ sómi, Múfútáù kò ráàyè dìde níbi tó jókòó sí. Ẹ̀yìn ló ti bà á.

Sẹ́tónjí ló wẹ̀ padà lọ bá a. Òun ló gbé òpó kúrò lára rẹ̀, òun ló tu ọkọ̀ náà wá sétí omi. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú àti ẹnu Múfútáù. Ó ń pariwo pé ẹsẹ̀ òun dà, ẹsẹ̀ òun dà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì wà níwájú rẹ̀.

Àwọn àbúrò rẹ̀ sáré dé. "Ta ló so okùn yìí?" Ẹnì kan ní Sẹ́tónjí ni. Ẹlòmíì ní kí ló dé tó fi jẹ́ òun ló tètè bẹ́ sómi, pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ni àgbàlagbà kan bá bèèrè pé, "Irin ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wo irin náà ná."

Ìbẹ̀rù ńlá mú mi. Sípánà wà nínú àpò mi. Kí ẹnikẹ́ni tó yíjú sí mi, mo figbe ta pé, "Sẹ́tónjí ti pa àna mi!" mo sì la sípánà náà mọ́ ọn lórí láti ẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ lù ú. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Múfútáù nígbà náà, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀, kò rí ẹni tó wà lẹ́yìn òun. Bó ṣe ṣubú ni gbogbo wọn bò ó. Wọ́n fi àjẹ̀ lù ú títí apá rẹ̀ fi kán, mo gbọ́ bó ṣe kán. Ẹnì kan fi ṣọ́bìrì sán an lójú. Ojú òsì rẹ̀ bá a lọ. Nígbà tí mo rí ẹni tó ń yí táyà bọ̀, tí ẹlòmíì gbé bẹntiróòlù dání, mo sáré wọ àárín wọn. Mo ki apá bọ abẹ́ apá rẹ̀, mo wọ́ ọ dé títì, mo gbé e jù sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọ́n sun ilé pákó rẹ̀. Nínú rògbòdìyàn náà, mo tú òrùka irin yẹn àti etí tó já kúrò lára rẹ̀, mo jù wọ́n sómi. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, àbí? Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Múfútáù ò rìn mọ́. Kò lu ẹnikẹ́ni mọ́. Àbúrò mi ló ń gbé e, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà kẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá yà kí wọn ni Rísíkátù máa ń ṣẹ́ èpè fún Sẹ́tónjí, àtòun àtọmọ rẹ̀. Èmi náà á sì ṣe Àmín.

Sẹ́tónjí ló wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìlú Agbado ló ń gbé báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ojú kan ló ní, apá rẹ̀ ò nà tán. Ó ní ebi ń pa àwọn ọmọ òun, òun ò mọ iṣẹ́ orí ilẹ̀ kankan ṣe, òun fẹ́ padà sétí omi. Àwọn àbúrò Múfútáù sì ti ní àwọn máa pa á bó bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, àfi tó bá wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n àwọn, kó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

"Ọ̀gá Wẹ́dà, mo ti gbà," ó ní. "Màá sọ pé okùn mi ni. Ó ti rẹ̀ mí. Bóyá òótọ́ tiẹ̀ ni, bóyá mo so ó dẹ̀. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ gbà mí lọ́wọ́ ikú lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sìn mí lọ, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo ní màá lọ. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní làákàyè, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo bẹ̀rù àwọn ọmọkùnrin yẹn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ju ṣọ́bìrì. Ṣùgbọ́n Rísíkátù ni mo bẹ̀rù jù. Ó ní kí n má bá a jà. Ṣé òun ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí Sẹ́tónjí tí mo jẹ́ kí wọ́n fọ́ lójú? Ta ni kí n kọ́kọ́ wólẹ̀ fún nínú wọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Mo mọ ara mi. Bí Jímọ̀ bá dé bá mi báyìí, màá wọ agbádá, màá sìn ín lọ, màá bá a bẹ̀bẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì dárí ẹ̀ṣẹ̀ mi jì í.