Kámẹ́rà Tí Mo Bà Lórúkọ Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé mi yìí, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọdún méjì, ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Mo gbọ́dọ̀ pinnu kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin tíṣà kan wà ládùúgbò wa, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Gàníyù, fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ra kámẹ́rà kékeré kan fún un. Nígbà tí tíṣà lọ sílé, ó fi ya ìyá wọn. Ìyá náà ò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní kó wá, á ní kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ dirí. Lọ́jọ́ náà ló tó gbà.

Èmi ni wọ́n gbé fíìmù náà fún kí n fọ̀. Inú àwẹ̀ la wà, òjò kọ̀ kò rọ̀, ooru mú. Kẹ́míkà tí a fi ń fọ fíìmù kò fẹ́ gbígbóná. Bó bá gbóná, fọ́tò á ṣe hóró-hóró. Omi àmù ni ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n máa fi tù ú. Ṣùgbọ́n kànga wa ti gbẹ, ìwọ̀nba omi tó kù nínú àmù, òun ni ará ilé máa fi ṣínu. Ọkàn mi ò gbà kí n bù ú. Omi dúrọ́ọ̀mù tó wà nínú oòrùn ni mo bù. Mo mọ̀ pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní kò ní ṣe nǹkan kan.

Ó ṣe nǹkan. Fọ́tò jáde bí ẹni pé wọ́n da gàrí sí ìyá lójú. Èèyàn ò mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu.

Tíṣà wò ó títí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ọwọ́ mi ló gbọ̀n ni, àbí oòrùn ò tó?"

Àwọn oníbàárà méjì jókòó síbẹ̀, ojú tì mí. Mo ní, "Ọwọ́ yín kọ́, Àǹtí. Ojú kámẹ́rà yìí ni ò dáa. Ayédèrú ni wọ́n rà fún yín." Tàwẹ̀tàwẹ̀ lẹ́nu ni mo parọ́ yẹn.

Ó gbà mí gbọ́. Ó ti kámẹ́rà náà mọ́ inú àpótí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún lọ sí Ọ̀yọ́ lẹ́yìn náà, ìyá ṣì wà, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tíṣà ò gbé kámẹ́rà dání. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ìyá kú lójijì, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà bí àwa mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ fìdáù, tíṣà kọjú sí àbúrò rẹ̀ láàárín ẹbí, ó ní ahun ni, kámẹ́rà gbàrọgùdù tó rà ni ò jẹ́ kóun rójú ìyá òun mọ́. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó tún dúpẹ́ pé mo la òun lójú.

Lóṣù tó kọjá, ó bímọ obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ò rí kámẹ́rà míì yá, ló bá yọ ti inú àpótí, ó fi ya ìkómọ. Ó gbé fíìmù wá fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín pé ká sá ṣe é wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi: ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n tún bà á jẹ́. Mo tiẹ̀ ti gbé omi kaná. Mo dà á nù. Omi tútù ni mo fi fọ̀ ọ́.

Gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere. Yétúndé ni wọ́n sọ ọmọ náà. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣeé kà. Gbogbo ẹbí ló tò yí i ká, àfi Gàníyù.

Ọjọ́ Ẹtì ni tíṣà ń bọ̀ wá gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Gàníyù ni kí n kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ní Ọ̀yọ́, àbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Mo lè bẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ojú ìyá wọn ńkọ́, níbo ni mo ti fẹ́ rí i fún wọn?